Ẹ Má Fi Dáìsì Lé Akọni Kúrò Lẹ́yìn Òmìrán

Láti ìgbà tí ẹ̀dà karùn-ún Dungeons & Dragons, eré àfinúrò tí a ń fi dáìsì ṣe lórí tábìlì, ti jáde ní 2014 ni mo ti ń darí eré. Kò sí ohun tó ń dùn mí tó kí ọmọ tuntun sọ pé òun fẹ́ gun ẹ̀yìn ọ̀tá ńlá, kí àwọn tó bá a jókòó sì ba nǹkan náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin rẹ̀ wà nínú ìwé olùdarí eré ti ọdún yẹn, kò sì gùn rárá. Akọni (ẹni tí òṣèré ń ṣe nínú eré) máa lo action rẹ̀ (ohun ńlá kan tó lè ṣe nígbà tó bá kàn án) láti ju dáìsì fún Athletics (lílo agbára ara) tàbí Acrobatics (ìfarapitú), ọ̀tá á fi Acrobatics kojú rẹ̀. Bí akọni bá borí, ó ti dì mọ́ ọn nìyẹn. Ibi tí ọ̀tá bá ń lọ ni wọ́n jọ ń lọ, ó sì ní advantage (jíju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, kó mú èyí tó ga jù) nígbàkígbà tó bá kọlù ú. Ẹ ka òfin náà kí ẹ tó jókòó.

Àṣìṣe kìíní: kí a ka gígùn sí grapple, ìyẹn gbígbá ọ̀tá mú kó má lè rìn. Ẹni tó fi ìpele ìtóbi kan péré jù ọ́ ni grapple mọ. Ènìyàn lè gbá ogre (ìpele Large) mú, kò lè gbá hill giant (òmìrán orí òkè, ìpele Huge) mú. Gígùn kò ní ààlà yẹn, ṣùgbọ́n kò dá ọ̀tá dúró. Yóò máa rìn lọ ni.

Èkejì: gígun ọ̀tá tó kù díẹ̀ kó kú. Ṣá a pa, ó parí.

Ẹ̀kẹta: kí ẹ máa náwó ra ère dírágónì ńlá kí ẹ tó mọ bí a ṣe ń lò ó. Gé páálí ní ínṣì mẹ́ta sí mẹ́ta fún ọ̀tá tó jẹ́ Huge, kí o gbé ère akọni lé e lórí. Ó tó.

Ẹ̀kẹrin ló ń bí mi nínú jù, torí èmi náà ti ṣe é. Ọmọbìnrin kan wà ní tábìlì mi, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Hill giant kan ń wó ilé abúlé. Ọmọ náà dìde lórí àga, ó ní òun á sáré gba orí òrùlé, òun á fò bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, òun á di irun rẹ̀ mú. Mo ní kó ju dáìsì fún eré orí òrùlé. Ó yege. Mo ní kó ju ti fífò. Ó yege. Ti irun dídìmú ńkọ́? Ó tún yege. Mo wá ní kó ju ẹ̀kẹrin, ká mọ̀ bóyá ó dúró ṣinṣin. Dáìsì olójú ogún náà yí títí, ó fi oókan hàn. Mo ní ó já bọ́. Ó rọra jókòó, ó to àwọn dáìsì rẹ̀ sí ìlà kan níwájú rẹ̀, “mo fi idà ṣá a” nìkan ló sì ń sọ títí a fi túká. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti dáìsì.

Ẹ ṣírò ó. Ká ní ìgbà 60 nínú 100 ni akọni ń yege lórí dáìsì kan. Bí ẹ bá ní kó jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì yege ní gbogbo rẹ̀, ìgbà 13 péré nínú 100 ni yóò débẹ̀. Èyí tó bá pọn dandan láti dé ìdí ọ̀tá ni ìwé ní ká jù. Bí òrùlé kò bá yọ̀, tí kò sì jìnnà, ẹ jẹ́ kó sáré kọjá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn olùdarí pé yóò rọrùn jù. Ẹ wo hill giant yẹn náà. Dexterity rẹ̀ (ìyára ara) jẹ́ 8, ìyẹn −1 lórí dáìsì tó bá jù. Jagunjagun tó ní +5 nínú Athletics máa borí rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 74 nínú 100. Ó rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan òmìrán, òun náà lè lo action rẹ̀ láti gbọn akọni dànù, kó fi í ha ògiri, tàbí kó fà á tu kó sì jù ú nù. Strength òmìrán náà (agbára) jẹ́ 21, nítorí náà +5 ló ń kojú +5, kò sì ní í tó ìdajì ìgbà tó máa rí i ṣe. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń gbìyànjú ẹ̀, ìlù kùmọ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 18 nínú iye ẹ̀mí (hit points) ènìyàn, kò bà lé ẹnikẹ́ni. Èrè gígùn gan-an nìyẹn! Olùdarí tí kì í jẹ́ kí ọ̀tá gbọn ara rárá náà ń ṣe àṣìṣe, torí akọni á kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ tún máa bi akọni pé, ibo lo dì mú? Olùdarí ni ìwé fi í sílẹ̀ fún láti sọ bóyá ọ̀tá lè lu ẹni tó wà lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, kùmọ̀ kì í dé ìpàkò, ṣùgbọ́n ẹni tó dì mọ́ ojúgun máa jẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ kúrò ní ojúgun lọ sí ìpàkò, ẹsẹ̀ bàtà kan á jẹ méjì nínú ìrìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ju Fireball (idán iná tó ń jó gbogbo ẹni tó wà nítòsí), ọ̀rẹ́ yín wà lórí ọ̀tá náà o.

Ọ̀rọ̀ dírágónì wá ńkọ́? Adult red dragon lè fò ní ẹsẹ̀ bàtà 80 lọ sókè, kó sì lo action rẹ̀ láti gbọ̀n ọ́ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá já bọ́, dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ nìyẹn, nǹkan bí 28 lára rẹ. Àwọn ọmọ tuntun máa ń gbọ́kàn lé ọ̀rẹ́ tó ní Feather Fall (idán tó ń jẹ́ kí ẹni tó já bọ́ rọra balẹ̀) nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 ni idán yẹn ń dé. Ìwọ tó fẹ́ gùn ún ni kó o mọ̀ ọ́n fúnra rẹ, kó o sì tọ́jú reaction rẹ (ìdáhùn kíákíá tó o lè ṣe nígbà tí kò kàn ọ́) de ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ara.