Bí mo ṣe fi aago ṣírò owó iṣẹ́ àdìrẹ oníko

Obìnrin mẹ́fà ni mo bá ṣe iṣẹ́ yìí l'Ábẹ́òkúta: opó mẹ́rin àti ìyá anìkàntọ́mọ méjì. Oníbàárà wa tó wà lókè òkun fẹ́ ogún aṣọ, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Àdìrẹ oníko, aṣọ tí a fi okùn dì kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, kò ṣòroó kọ́. Owó iṣẹ́ ló ṣòroó gbà. Ẹnu lásán ni àwọn oníbàárà fi ń ná an, kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí.

Mo gbé aago sílẹ̀. Dídì nìkan gba wákàtí mẹ́fà lórí aṣọ kan. Rírẹ àti ṣíṣàn gba méjì, títú okùn àti lílọ̀ gba wákàtí kan ààbọ̀. Wákàtí 9.5 lápapọ̀. ₦2,000 ni wọ́n sì fẹ́ san lórí aṣọ kan. Ẹ pín in: kò pé ₦211 ní wákàtí kan. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 22, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ó ń lọ sí ₦398. Ohun tí wọ́n ń pè ní òwò àìrẹ́jẹ (fair trade) kò lè máa san nǹkan bí ìlàjì iye tí òfin ní kí a san.

₦600 ni mo fi lé wákàtí kan, ó di ₦5,700. Tẹ́rù, aṣọ funfun tí a fẹ́ rẹ, jẹ́ ₦7,500; aró pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ kí aró wọ òwú, jẹ́ ₦1,200; okùn, igi ìdáná àti ìbọ̀wọ́ jẹ́ ₦500. Gbogbo rẹ̀ lórí aṣọ kan, ₦14,900. Mo fi ìdá mẹ́wàá lé e nítorí aṣọ tó máa bàjẹ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á ba aṣọ jẹ́ dandan, kò sì yẹ ká yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Ó di ₦16,390, ká tó fi èrè àti owó ìfiránṣẹ́ sí i.

Ìlànà World Fair Trade Organization, ẹgbẹ́ àgbáyé fún òwò àìrẹ́jẹ, ni pé bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, kí oníbàárà san ó kéré tán ìdajì owó sílẹ̀, láìsí èlé. Ẹ béèrè o! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó gbọ́mú-lé-lántà lẹ máa fi ra tẹ́rù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán láti ọjọ́ kìíní, torí ẹni tó pa àtẹ ata rẹ̀ tì kò lè máa febi kọ́ṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fa fọ́nrán òwú kan lára tẹ́rù, kẹ́ ẹ sì fi iná sí i. Òwú gidi a jó bíi pépà. Èyí tó bá yọ́, tó di kóró, rọ́bà wà nínú rẹ̀, kò ní gba aró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ sítáàṣì kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á mú ojú kan, á fo ojú kan.

Fún aró, ìwọ̀n ẹ̀lú òyìnbó kan, kọ́sítíìkì kan, háídírọ́ọ̀sì méjì, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi tó ń hó máa ń ba háídírọ́ọ̀sì jẹ́. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù, kẹ́ ẹ tó da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á ta sí i lójú. Ike tó dé pinpin ni háídírọ́ọ̀sì ń gbé, torí bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó lè gbiná. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe kì í sún mọ́ ìkòkò. Ìdí okùn ló ń jókòó, owó wákàtí kan náà ló sì ń gbà.

Bí aṣọ bá jáde látinú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ẹ má fòyà, ẹ ta á sí afẹ́fẹ́. Etí rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, búlúù á wá máa rìn wọ àárín. Ẹni tó bá sáré ṣàn án ṣáájú ìgbà yẹn ti da aró nù. Ìgbà mẹ́ta la rì í.

Mẹ́ta nínú ogún aṣọ wa ń ṣí. Àwọn ìyá aláró àtijọ́ ìbá ní ká lọ bẹ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ṣùgbọ́n háídírọ́ọ̀sì ló kéré: aró kò wọ òwú, ojú aṣọ ló jókòó sí. A tún méjì rẹ. A gé ìkẹta, a fi rán àpò.

Ìwé kan wà lẹ́bàá ìkòkò. Bí wákàtí kan bá pé, kálukú á fa igi kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, àtẹni tó mọ̀wé àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo ń sanwó, igi yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kà, kí wọ́n tó na ọwọ́.