Bí A Ṣe Ń Gba Ìtàn Iṣẹ́ Lẹ́nu Àgbà Òṣìṣẹ́ Rélùwéè

Ẹ má fi ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kọ ìtàn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ nípa Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n ti gbọ́ nípa ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945, ohun tí wọ́n sì ń wá ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì, tí yóò jókòó máa ròyìn bí wọ́n ṣe kojú òyìnbó. Bàbá á ròyìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọṣẹ́ lẹ́yìn òmìnira kò sí níbẹ̀ ní 1945. Ohun tí òun náà gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni yóò máa wí. Ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá yìí tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ayé tí òun fúnra rẹ̀ jẹ: aago tó ń jí, irin tó ń gbé, iye tó ń gbà, àti àwọn tó ń jẹ nínú iye náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú un. Ìyanṣẹ́lódì á jáde fúnra rẹ̀ tó bá yá.

Fíttà, ẹni tó ń to irin ẹ̀rọ pọ̀, ni bàbá mi nínú ọgbà iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí a ń pè ní Lókò. Ìyá mi ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún àwọn òṣìṣẹ́, àwìn sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ títí oṣù á fi parí. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń fa ìlà sára ògiri, oníkálukú pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ lórí òṣìṣẹ́ láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó sọ òtítọ́ nípa owó oṣù tó ògiri yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé owó àti oúnjẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń jà fún ní 1945? Owó ìrànwọ́ nítorí ọjà tó wọ́n nígbà ogun, èyí tí wọ́n ń pè ní COLA. Ní ìgbà ogun yẹn kan náà, àwọn ìyá ọjà Èkó tí Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà ń ṣáájú fún ń bá ìjọba fà á lórí iye tí Captain Pullen, òyìnbó ìjọba tó ń ṣàkóso iye oúnjẹ, ní kí wọ́n máa ta gàrí. Ìyanṣẹ́lódì náà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà, ó sì lé ní oṣù kan. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ láìbéèrè ẹni tó bọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìdajì ìtàn ló kọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ àwọn ọdún kan sínú ìwé kékeré kan, nítorí pé bí ẹ bá bi àgbà pé “Ọdún wo ni?”, yóò kàn mú ọdún kan sọ kó lè tẹ́ yín lọ́rùn ni. Owó ni ẹ máa fi bá a ka ọdún. Àfikún owó oṣù ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba ní kó yẹ owó oṣù wò pè. Owó Morgan jẹ́ ti 1964. Ti Adébọ̀ jẹ́ 1971. Ní oṣù kìíní 1973 ni a kúrò lórí pọ́n-ùn bọ́ sórí náírà. Owó Údójì ńkọ́? Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba ayé ìgbà náà tó gbàgbé rẹ̀; ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni owó náà dé, pẹ̀lú èyí tó ti ṣẹ́ jọ lẹ́yìn. Nítorí náà ẹ béèrè báyìí: “Bàbá, ṣé kí Údójì tó dé ni wọ́n gbé yín lọ sí Ọ̀ffà, àbí lẹ́yìn rẹ̀?” Ẹ ó rí i pé ìdáhùn á já geere.

Tí ẹ bá délé wọn, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bi wọ́n léèrè ara àti ọmọ, ẹ má tíì yọ fóònù. Ọsàn tàbí búrẹ́dì tó láti mú dání. N kò fara mọ́ fífi owó síwájú ọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá ti gbowó á máa wá ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìtàn náà ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé gbọ́ ọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè bóyá ẹ lè gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ọwọ́ hàn mí bí ẹ ṣe ń ṣe é.” Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ nípa ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí bóòtù tí kò sí níbẹ̀, ẹnu á tẹ̀ lé ọwọ́. Ẹ kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe pè é gẹ́lẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó fara pa, ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀gá tí ọ̀gá bá ti lọ.

Ẹ wá wọ ọ̀rọ̀ ipò. Ta ló ń gbowó oṣù, ta ló ń gbowó ojúmọ́? Akọ̀wé àti lébìrà, ṣé wọ́n jọ ń jẹun? Ta ni wọ́n fún nílé nínú Railway Compound, ta ló háyà yàrá kan níta? Nínú ìdáhùn irú èyí ni ẹ ó ti mọ ohun tí ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jẹ́, ju kí ẹ béèrè pé “Kíláàsì wo lẹ wà?” Ìjà lórí bí a ṣe ń ka iṣẹ́ ti pẹ́ ní Èkó: ní oṣù kẹjọ 1897 àwọn òṣìṣẹ́ Public Works Department, ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba, daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Nítorí náà ẹ má fojú kéré ìbéèrè aago.

Ọjọ́ owó oṣù gba ìjókòó tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé owó náà láti ọwọ́ ẹni tó san án títí yóò fi tán: gbèsè oúnjẹ, àjọ, owó ilé, owó ilé-ìwé, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú, owó yúníọ̀nù. Kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn bá ìyá nìkan. Bàbá á ní “èmi ni mo bọ́ ilé”. Ìyá á sọ oṣù tó jẹ́ pé ọjà òun ló bọ́ ọ. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan lọ síwájú èkejì. Ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ bá wọn wá ìwé. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, ìwé owó oṣù, káàdì yúníọ̀nù, fọ́tò ìdágbére, wọ́n sábà máa ń wà lábẹ́ ibùsùn tàbí nínú àpótí. Orí aṣọ funfun, lẹ́bàá fèrèsé, ni kí ẹ ti yà wọ́n, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má mú ojúlówó lọ, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ mú un.

Lẹ́yìn èyí ni National Archives, ilé tí wọ́n ń kó àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú lẹ́tà ìfihàn lọ, ẹ béèrè ìwé atọ́ka fún COMCOL (ìwé Kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso Èkó) àti CSO 26 (ìwé ọ́fíìsì Chief Secretary ìjọba), kí ẹ sì wá àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kọ sí ìjọba. Ẹ rántí pé akọ̀wé tí wọ́n sanwó fún ló kọ púpọ̀ nínú wọn: ìforíbalẹ̀ inú wọn jẹ́ ti akọ̀wé, ṣùgbọ́n iye owó àti iye ọmọ tí wọ́n kà síbẹ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Tí ẹ bá ń ṣí ìwé ìròyìn West African Pilot, tí ẹ sì rí àlàfo láti oṣù keje 1945, kì í ṣe pé ìwé sọnù. Ìjọba ló fòfin de òun àti Daily Comet.

Ẹ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1941 Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Èbúté Mẹ́ta lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Ẹ rìn ín láti Lókò gba Ìddó sọdá afárá, ẹ ó mọ ohun tó gbà kí ènìyàn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ rin ọ̀nà yẹn.

Tí ìrántí àti ìwé kò bá bára mu, ẹ má bá bàbá jiyàn. Ọjọ́ tí ìyanṣẹ́lódì 1945 parí yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu, torí gbogbo ẹgbẹ́ kò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ, ẹ kọ ohun tí ìwé sọ sábẹ́ rẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ padà lọ kà á fún wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìjà yúníọ̀nù tó kan ẹni tó ṣì wà láàyè, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹ̀dà kan, pẹ̀lú ohùn náà nínú fáláàṣì, jẹ́ ti ilé bàbá. Ẹ gbé ìyẹn fún wọn kí ẹ tó gbé èyíkéyìí fún ilé-ìwé.