Bí A Ṣe Ń Se Sípàgẹ́tì Pẹ̀lú Ewé Tútù Olóòórùn Dídùn

Oúnjẹ yìí kì í pẹ́ lórí iná, àmọ́ nítorí pé èròjà rẹ̀ kò pọ̀, bí ọwọ́ bá ṣì díẹ̀, ẹnu yóò mọ̀ ọ́n kíá. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá sípàgẹ́tì 400 gíráàmù, ẹyọ aáyù mẹ́rin, òróró ólífì ṣíbí ìjẹun mẹ́fà, ata gbígbẹ díẹ̀, iyọ̀, àti ewé pásílì àti bésìlì ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ lè fi ọ̀bẹ gé pásílì wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí ẹ fi ya bésìlì, nítorí pé ọ̀bẹ tó kújú máa ń tẹ̀ ẹ́ pa, tí etí rẹ̀ yóò sì dúdú. Ẹ má ṣe da igi pásílì nù. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀.

Ẹ gbé omi lítà mẹ́rin ka iná. Bí ó bá ti hó yaa, ẹ da iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì tí kò kún sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ kó sípàgẹ́tì sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn gan-an ló máa ń lẹ̀ mọ́ra. Àwọn kan máa ń da òróró sí omi náà. Èmi kò rí àǹfààní rẹ̀, nítorí ohun tí òróró bá ti bò, ọbẹ̀ kì í fẹ́ dì mọ́ ọn.

Bí ó bá ku ìṣẹ́jú méjì kí àkókò tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀ pé, ẹ mú ẹyọ kan kí ẹ gé e jẹ. Bí ẹ bá ṣì rí ojú funfun tíńtín láàárín rẹ̀, ó ti tó yọ nìyẹn. Ẹ bu omi rẹ̀ kún ife kan pamọ́ kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣe fi omi tútù ṣàn án.

Kí sípàgẹ́tì tó jiná, ẹ ti rẹ́ aáyù pẹlẹbẹ, kí ẹ kó o sínú òróró nígbà tí páànù ṣì tutù, kí ẹ wá tan iná kékeré sí i. Bí òróró bá ti ń hó díẹ̀díẹ̀ yí aáyù ká, ẹ fi ata àti igi pásílì sí i. Tí etí aáyù bá ti pọ́n ráńpẹ́, ẹ da ìlàjì ife omi tí ẹ bù pamọ́ sí i kíákíá. Aáyù tó bá jóná máa ń korò, kò sì sí ohun tó lè mú ìkorò yẹn kúrò. Ẹ dà á nù kí ẹ tún òmíràn ṣe.

Ẹ wá kó sípàgẹ́tì sínú páànù, kí ẹ máa yí i pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Sítáàṣì tó wà nínú omi yẹn ni yóò so òróró àti omi pọ̀ di ọbẹ̀ tó ki díẹ̀, tó sì ń dán. Bí ó bá gbẹ jù, ẹ fi omi kún un.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná kí ẹ tó da ewé sí i, torí pé ooru iná máa ń lé òórùn ewé rírọ̀ lọ. Ti rosemary àti thyme yàtọ̀. Ewé wọn le, inú òróró ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aáyù. Ẹni tó bá fẹ́ wàràkàṣì lè rin ín sí i nígbà tí páànù ti kúrò lórí iná.

Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, omi díẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e gbóná, kí ẹ sì ya ewé tútù mìíràn sí i.