Ẹ Fi Eyín Sí Bíléèdì Katakata Kẹ́ Ẹ Tó Fi Kó Igbó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bíléèdì, ìyẹn irin fífẹ̀ tí wọ́n ń so sẹ́yìn katakata yẹn, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe igi o. Tẹ́ ẹ bá fi kó ẹ̀ka igi àti ewé Akíntọ́lá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá lulẹ̀, ńṣe ló máa gun orí ẹ̀ka kọjá, tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè kó o, ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, tó jẹ́ òun gan-an ni àgbàdo ń jẹ, gbogbo ẹ̀ láá bá igi lọ sínú òkìtì, lẹ́yìn náà lèèyàn á tún máa wá owó fatiláísà kiri.

Eyín ló nílò, ìyẹn àwọn irin tó yọ sísàlẹ̀ bí eyín òòyà. Iyẹ̀pẹ̀ á gba àárín eyín kọjá, igi á dúró.

Ètè bíléèdì, ìyẹn irin gígùn tó ń jẹ ilẹ̀ nísàlẹ̀, bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é. Ẹ tú u, ẹ tọ́jú ẹ̀, torí ẹ ṣì máa fi tún ọ̀nà oko ṣe. Ihò tó fi sílẹ̀ náà lẹ máa de eyín mọ́, ẹ máa fo ihò kọ̀ọ̀kan kí àlàfo lè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Bọ́ọ̀tì méjì ni fún eyín kan o, ọ̀kan nínú ihò ètè, ìkejì lókè ẹ̀, kí wẹ́dà lu ihò yẹn, kó sì fi irin kékeré há àárín eyín àti bíléèdì torí ikùn bíléèdì tẹ̀. Bọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kẹ́ ẹ rà. Kí eyín yọ sísàlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 20, tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, á máa ya bíléèdì.

Wẹ́dà máa ní kẹ́ ẹ mú spírìn mọ́tò wá fi ṣe eyín náà pé ó lágbára. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti jó o báyìí láì kọ́kọ́ yáná fún un kó gbóná, kó sì rọra tutù, ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó yẹn á le gan, á sì máa fọ́ bíi gíláàsì. Tèmi, ọjọ́ kejì ni mẹ́ta kán bí igi ìṣáná, ní àárín oko, lọ́sàn-án gangan! Irin pẹlẹbẹ lásán tó nípọn bíi mílímítà 16 ni mo fẹ́ràn jù, tó bá tẹ̀, èèyàn á fi òòlù nà án pa dà. Tó bá sì pọn dandan kẹ́ ẹ jó nǹkan nígbà tí bíléèdì ṣì wà lára katakata, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí áltánétọ̀ má baà jóná.

Tẹ́ ẹ bá ń kó o, jíà kìíní ni, kẹ́nu eyín kàn fẹ́ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ má fi fa kùkùté o, kùkùté á gbé iwájú katakata sókè, kò síṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, àáké àti ọkọ́ ló ni ín. Òkìtì náà, ẹ tò ó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè dí ọ̀gbàrá lọ́nà. Igi tó bá tóbi nínú ẹ̀, àwọn ará ilé á yọ ọ́ fi dáná.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gun bíléèdì pé òun ń fi ara òun tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wò ó nísàlẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún bọ́ọ̀tì ní wákàtí-wákàtí, torí wọ́n máa tú.