Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Owó Tó Ń Ti Òkè Òkun Wọlé Ń Gbé Ilé Yín Kúrò Nínú Òṣì

Ìwé ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ kọ iye tí ẹni tó rìnrìn àjò ń mú wálé lóṣooṣù kí ó tó lọ, àti iye tí ẹ ń san lóṣooṣù lórí gbèsè tí ẹ jẹ nítorí ìrìn àjò náà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ méjèèjì kúrò nínú owó tó ń wọlé báyìí ni èrè gidi. Ọ̀pọ̀ ilé ni kì í ṣe ìyọkúrò yìí, tí wọ́n sì ń ná owó ẹlòmíràn bí ẹni ń ná èrè.

Ẹ wá wo iye tí ń bá ọ̀nà lọ. Bí owó iṣẹ́ tí àwọn tó ń bá yín fi owó ránṣẹ́ ń gbà bá jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ń fi 200 dọ́là ránṣẹ́ lóṣooṣù ń pàdánù 144 dọ́là lọ́dún. Àfojúsùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni pé kí ó má tó ìdá mẹ́ta mọ́ tó bá fi máa di ọdún 2030. Ẹ yẹ iye pàṣípààrọ̀ wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni apá kan owó iṣẹ́ wọn sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ìwádìí tí Richard Adams àti John Page, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gbé jáde ní ọdún 2005 lórí orílẹ̀-èdè 71 tó ń gòkè àgbà fi hàn pé bí owó tó ń ti òkè òkun wọlé bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdá àwọn tó wà nínú òṣì ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta àbọ̀ dín kù. Èyí mú mi lọ́kàn le, ṣùgbọ́n kò sọ bí nǹkan ṣe rí nínú ilé kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí kì í ṣe owó sílẹ̀ pẹ̀lú: ọjọ́ tí ọmọ kò lọ sí ilé ìwé, iye ọjọ́ tí aláìsàn fi dúró kí ó tó rí ìtọ́jú, àti ẹni tí iṣẹ́ ẹni tó lọ já lé léjìká. Bí ó bá jẹ́ ìyá ni ó lọ, tí ọmọbìnrin ọdún 12 sì ń wẹ àbúrò rẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ, tó sì ń pọ̀n ọ́n sùn kí òun tó wọ aṣọ ilé ìwé, ìnáwó ni ìyẹn, ọmọ yẹn ló sì ń san án.

Lópin oṣù, ẹ ka ìwé náà fún ẹni tó wà lókè òkun lórí fóònù, kí ẹ bi í léèrè iye tó kù sí i lọ́wọ́ fún oúnjẹ àti ilé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.