Bí Mo Ṣe Gbin Ọmọ Agbálùmọ̀ Ìyá Mi

Igi agbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi ní Ìjerò-Èkìtì, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ìjì ya ẹ̀ka rẹ̀ kan lulẹ̀, a sì rí i pé inú igi náà ti ń jẹrà. Ó dùn mí wọra. Mo ní irú rẹ̀ ò ní parẹ́ lójú mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo sá kóró rẹ̀ lóòrùn bí ẹni ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo, mo kó o pamọ́ de òjò. Ìkankan ò hù. Kóró agbálùmọ̀ kì í fẹ́ gbígbẹ rárá: tútù ni kí ẹ gbìn ín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú ọyẹ́ oṣù kìíní ni mo bẹ̀rẹ̀. Èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni mo ṣà. Ìyá mi kì í jẹ́ ká ká a lórí igi, torí èyí tí a bá ká máa ń kan, oje funfun rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ni létè. A jẹ ẹ́ tán, àwọn ọmọ fi èèpo rẹ̀ ṣe ṣíngọ́ọ̀mù. Kóró márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú ẹyọ kan, tí wọ́n tò yípo bí ìràwọ̀ bí ẹ bá gé e ní ìbú. Ó ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, àfi ojú àpá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fi eérú fọ̀ wọ́n, mo rẹ wọ́n sómi di ọjọ́ kejì, mo da èyí tó léfòó nù. 40 ló kù. Ọ̀rá píọ wọ́tà tí mo lu nídìí ni mo gbìn wọ́n sí, pẹ̀lú ilẹ̀dú abẹ́ kòkó àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Wọn ò wọlẹ̀ ju oríkèé ìka kan lọ. Mo tò wọ́n sábẹ́ máńgòrò, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n nítorí eku, mo ń wọ́n omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo rí ibi tí ilẹ̀ ti sán. Ọ̀mùnú kan tẹ̀ bí ìwọ̀, ó gbé èèpo kóró rẹ̀ sórí bíi fìlà. Mo fẹ́ bá a ṣí i, ìyá mi ní, “Fi í lẹ̀, yóò ṣí i fúnra rẹ̀.” Lọ́jọ́ kẹta, ó ti jù ú sílẹ̀ lóòótọ́, ewé méjì là. 27 ló hù.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n lò nínú ọ̀rá. Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀, mo ya ọ̀rá náà jẹ́jẹ́ kí ilẹ̀ má bàa tú lára gbòǹgbò, mo gbin mẹ́fà, mo sì fi ìṣísẹ̀ 12 sáàárín wọn. Igi yìí lè ga ju mítà 25 lọ, ẹ má gbìn ín mọ́ ògiri. Àwọn aládùúgbò kó ìyókù.

Èyí tó bá ti ara kóró wá lè gbà tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ìyá mi mọ̀. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń da omi tó fi fọ àwo sídìí èyí tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná, ó sì máa ń yí ewé rẹ̀ padà wò bóyá kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti dé mi lórúnkún báyìí.