Bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde

Lẹ́yìn ìsinmi àìsàn gígùn, gbogbo ìgbà tí mo bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kíkún ní ilé ìkẹ́rùsí wa tó tutù, itan àti ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ni màá bá tún dùbúlẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, mo fi ìsinmi ọdún dí i, mo fẹnu lásán bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Pàbó ló já sí.

Ìwé ló gbà mí. Mo ní kí dókítà mú "may be fit for work" (ó lè ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe àtúnṣe díẹ̀) lórí fit note, ìyẹn ìwé tí dókítà fi ń sọ bóyá aláìsàn lè ṣiṣẹ́, dípò "not fit" (kò lè ṣiṣẹ́), kó sì sàmì sí "phased return" (ìpadà díẹ̀díẹ̀) àti "altered hours" (àyípadà wákàtí iṣẹ́). Mo wá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, mo tọ́ka sí Equality Act 2010, òfin tó ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tó yẹ fún òṣìṣẹ́ tó ní àìlera: kí wọ́n gbé mi kúrò nínú òtútù, kí omi wà lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n má ka ọjọ́ kíliníìkì mọ́ ọjọ́ àìsàn. Omi yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí òǹgbẹ a máa ru ìrora sókè.

Ìdajì ọjọ́ la fi bẹ̀rẹ̀, a ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ìrora ò tán o, ṣùgbọ́n mo ń parí ọ̀sẹ̀ báyìí. Ara ò dọ́gba, ọ̀gá náà ò dọ́gba. Bí tiyín bá kọ̀, Acas, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.